Rélùwéè Kékeré: Bí A Ṣe Ń Wá Wágọ̀nù Tó Bá Ojú Irin Dùgbẹ̀ Mu

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan jáde tí a kò rí yanjú títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹnì kan béèrè pé kí ló dé tí ọjà kan tí wọ́n fi ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ rà fi wà nínú páálí láti bí oṣù mẹ́rin, tí kò ṣeé tà. Àwọn kan ní ẹni tó tà á ló ṣe jìbìtì. Àwọn mìíràn ní ẹni tó rà á ni kò la ojú rẹ̀ dáadáa. Akọ̀wé yín wádìí ọ̀rọ̀ náà, mo sì rí i pé kò sí jìbìtì níbẹ̀ rárá. Ohun méjì ló yẹ kí èèyàn béèrè kó tó san owó irú ọjà yẹn. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè.

Ọjà náà ni rélùwéè kékeré. Kì í ṣe èyí tí ọmọdé máa ń so okùn mọ́ tó ń wọ́ káàkiri àgbàlá ni mò ń wí o. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n fi ìwọ̀n ṣe ni, tí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ dín kù bákan náà, tí iná mànàmáná díẹ̀ sì ń gba inú irin wakọ̀ náà kiri lórí tábìlì. Lókè òkun, àwọn àgbà ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nídìí rẹ̀, owó tí wọ́n sì ń ná sí i kò kéré. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé-ìwé ló ń wá a fún ohun ìkọ́ni. Ilé-ìwé aládàáni kan ló ní kí ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí wọ́n ń ta ìwé àti ohun ìkọ́ni, bá wọn ṣe tábìlì kan tí ọmọ á ti rí bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń kó kọ̀ǹténà gòkè láti Èkó, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí. Iṣẹ́ gidi ni, owó gidi ló sì wà níbẹ̀.

Ohun méjì tí mo ní a gbọ́dọ̀ béèrè ni ìdá àti ìbú. Ìdá ni iye ìgbà tí wọ́n dín ọkọ̀ kù. Bí wọ́n bá kọ 1:64 sára páálí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tó gùn tó mìlímítà 64 lójú ayé ti di mìlímítà 1 lórí tábìlì. Ìbú ni àyè tó wà láàárín irin méjèèjì tí táyà ń gbà. Ọ̀tọ̀ ni ìdá, ọ̀tọ̀ ni ìbú. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò rò pé bí ọ̀kan bá ti bára mu, èkejì á tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni owó ti ń há. (A ó máa kọ mìlímítà ní mm láti ibí lọ.)

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, a gbọ́dọ̀ mọ̀ pé rélùwéè méjì ló wà nílùú Ìbàdàn yìí, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá. Ti Dùgbẹ̀ ni ti àtijọ́. Ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti Èkó ní 1896, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù Kẹta 1901. Lẹ́yìn náà ó gba Òṣogbo, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Jẹ́bà kọjá lọ sí òkè Ọya títí dé Kánò. Ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínṣì 6, ìyẹn 1,067 mm. Irú ìbú yìí náà ni wọ́n ń lò ní Gánà, ní Gúúsù Áfíríkà, ní New Zealand, àti lójú irin àtijọ́ Jàpáànì. (Àwọn aládùúgbò wa ní Bìnì Olómìnira àti Tógò, 1,000 mm ni tiwọn. Bí ọmọ ìyá ṣe ń yapa nìyẹn.) Ti Mọ́níyà ni tuntun. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2017, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2021. Kìlómítà 157 ni láti Èkó dé Ìbàdàn, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 1,435 mm. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì jẹ́ 368 mm, ó ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Wágọ̀nù tó bá wà ní Dùgbẹ̀ kò lè rìn lórí irin Mọ́níyà láéláé, àfi bí wọ́n bá pààrọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tó lè kúrò lórí èyí bọ́ sórí èkejì láìyí padà ni kọ̀ǹténà, nítorí ìwọ̀n kan náà ni gbogbo ayé fi ń ṣe é. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ̀ǹténà yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Kò le ju ìṣirò èlé lọ. Ojú irin kékeré tó pọ̀ jù lọ lọ́jà àgbáyé, èyí tí Hornby, Bachmann, Peco àti àwọn mìíràn ń ṣe, ìbú rẹ̀ jẹ́ 16.5 mm. Ẹ sọ 16.5 di ìlọ́po 87, ẹ ó rí 1,435 àti díẹ̀. Ti Mọ́níyà gan-an nìyẹn. Ìdí nìyí tí ìdá 1:87, tí wọ́n ń pè ní HO, fi ń gun ojú irin 16.5. Ẹ wá sọ 16.5 kan náà di ìlọ́po 64. Yóò fún yín ní 1,056. Ti Dùgbẹ̀ jẹ́ 1,067. Ohun tó kù kí wọ́n fi dọ́gba jẹ́ 11 mm lójú ayé, kò ju fífẹ̀ èékánná ọmọ ìka ìkẹyìn lọ.

Nítorí náà ojú irin kan ṣoṣo, tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, lè ṣe rélùwéè méjèèjì. Bí a bá gbé ọkọ̀ 1:87 lé e, Mọ́níyà ni. Bí a bá gbé ọkọ̀ 1:64 lé e, Dùgbẹ̀ ni. Àwọn ará New Zealand àtàwọn ará Queensland ní Ọsirélíà ti ń lo ọgbọ́n yìí tipẹ́, torí pé ojú irin tiwọn náà jẹ́ 1,067. Sn3½ ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní Sn42. Ẹ kọ orúkọ méjèèjì sílẹ̀, torí òun ni ẹ máa sọ fún ẹni tó bá fẹ́ tajà fún yín. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi tiwa ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí 11 mm yẹn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, ìdá 1:76 tí wọ́n ń pè ní OO ni wọ́n gbé lé ojú irin 16.5 yìí. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, yóò fún yín ní 1,254, bẹ́ẹ̀ 1,435 ni ojú irin ìlú wọn. Tiwa sún mọ́ òótọ́ ju tiwọn lọ fíìfíì.

Wàyí o, kí ló wà nínú páálí ìyá wa? Wọ́n béèrè 1:64, 1:64 ló sì dé. Ṣùgbọ́n 1:64 tó wọ́pọ̀ ni ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní S, irú èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ American Flyer lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ojú irin Amẹ́ríkà jẹ́ 1,435, ìdá kan nínú 64 rẹ̀ sì jẹ́ 22.4 mm; 22.5 ni wọ́n ń ṣe. Ni wọ́n bá gbé wágọ̀nù lé ojú irin 16.5 tí wọ́n ti rà sílẹ̀, táyà bọ́ síta lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹni tó tajà fún wọn kò purọ́ kankan. Bó bá sì jẹ́ pé ìbú nìkan ni wọ́n béèrè ni, wọn ì bá rí wágọ̀nù 1:87 tó wọ ojú irin wẹ́kú, àmọ́ tó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tó kù lórí tábìlì.

Báwo ni oníṣòwò ṣe máa mọ ìdá ọjà láìka ohun tí wọ́n kọ sí páálí sí? Kọ̀ǹténà ni òṣùwọ̀n wa. Kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ bàtà 20 jẹ́ 6,058 mm ní gígùn, 2,438 ní fífẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ sì jẹ́ 2,591 ní gíga, ì báà jẹ́ Apápá ló wà tàbí Kọ̀tọnú. Ẹ mú rúlà yín, ẹ wọn gígùn kọ̀ǹténà kékeré náà. Bó bá jẹ́ bí 95 mm, ìdá 1:64 ni. Bó bá jẹ́ bí 80, ti Gẹ̀ẹ́sì ni, 1:76. Bó bá jẹ́ bí 70, ó jẹ́ 1:87. Bó bá kéré tó 38, N ni, 1:160, ẹ gbé e sílẹ̀. Èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 40, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni pẹ̀lú díẹ̀ lórí: 190 mm ní 1:64, 140 ní 1:87. Bí ẹni tó ń tajà bá wà lókè òkun, ẹ ní kó fi rúlà tì í kó tó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Olóòótọ́ kò ní bínú sí i.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún mọ́tò ìṣeré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, irú Hot Wheels, ni wọ́n ń pè ní 1:64, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é kí ó lè wọ páálí kan náà ni. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré inú rẹ̀ lè jẹ́ 1:64 lóòótọ́, kí ọkọ̀ akẹ́rù ẹgbẹ́ rẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun, èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Ẹni tó bá fẹ́ fi èèpo ẹ̀pà tajà fún yín, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wọn ẹ̀lírí.

Ibi tí a ti lè rí wágọ̀nù Dùgbẹ̀ kò pọ̀. Mi ò rí ṣọ́ọ̀bù kankan tó ń tà á ní títò tán. Ti New Zealand ló sún mọ́ tiwa jù, nítorí wágọ̀nù tó ń rìn lórí 1,067 ni wọ́n wò ṣe é, ṣùgbọ́n ó jìnnà, owó ọkọ̀ rẹ̀ lè ju owó ọjà lọ. Ti Gúúsù Áfíríkà tó wà lọ́jà, 1:87 ni púpọ̀ rẹ̀, wọ́n kàn gbé e lé 16.5 ni, ìyẹn ni pé ara rẹ̀ kéré, ojú irin rẹ̀ fẹ̀ jù. Ti Jàpáànì tí wọ́n gbé lé 16.5 náà, 1:80 ni wọ́n ń ṣe é, àléébù kan náà ló ní. Nítorí náà, ọ̀nà tó dín owó kù jù ni pé kí a mú ara wágọ̀nù láti ọ̀dọ̀ S ti Amẹ́ríkà, kí a mú ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ OO ti Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì mú ìkọ́ láti ọ̀dọ̀ HO. Bíi kí èèyàn ra ìró ní Gbági, kó ra bùbá ní Òjé ni.

Wágọ̀nù méjìlá ló wà nínú páálí ìyá wa. Mẹ́jọ jẹ́ pẹrẹsẹ, mẹ́rin jẹ́ alápótí. Èyí tó jẹ́ pẹrẹsẹ ni ẹ wá rà, ẹ fi alápótí sílẹ̀. Wágọ̀nù Amẹ́ríkà sanra ju ti ojú irin tóóró lọ, kò sì rọrùn láti gé àpótí tó ní òrùlé àti ilẹ̀kùn kó má bàjẹ́. Ṣùgbọ́n pákó pẹrẹsẹ, ayùn kékeré àti sáńpépà ti tó o.

Abẹ́ wágọ̀nù gígùn kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, táyà irin mẹ́rin sì wà lára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bógì ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń pè é. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló sábà máa ń dì í mú láàárín. Ẹ tú u, ẹ yọ bógì Amẹ́ríkà náà kúrò. Àwọn kan máa ń gbìyànjú láti ti táyà rẹ̀ wọ inú títí yóò fi bá 16.5 mu. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n apá bógì náà á yọ síta lọ́tùn-ún lósì bí etí erin, ẹni tó bá sì ti rí rélùwéè rí á mọ̀ pé nǹkan ò dọ́gba. Ó sàn kí a ra bógì OO. Táyà wágọ̀nù OO tó wọ́pọ̀ jẹ́ 12.6 mm, ti ọkọ̀ èrò jẹ́ 14.1. Ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po 64: 806 àti 902. Bógì OO tí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ fi 26 mm jìnnà síra máa di mítà kan àti 66 sẹ̀ǹtímítà lójú ayé. Ìwọ̀n wọ̀nyí tọ́ sí wágọ̀nù gidi. Táyà HO ni kò dáa fún un. Èyí tó jẹ́ ínṣì 33 lọ́dọ̀ tiwọn, 9.6 mm péré ni, ó máa di bí ínṣì 24 lọ́dọ̀ tiwa, wágọ̀nù á wá dà bí àgbà tó wọ bàtà ọmọ rẹ̀.

Kí ẹ tó fi bógì sí i, ẹ wọn àárín táyà méjì láti inú sí inú. 14.4 sí 14.5 mm ló yẹ kó jẹ́. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí tó dín, yóò máa fò kúrò lójú irin ní oríta, ẹ ó sì máa bínú sí ojú irin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ gé pákó náà. Kọ̀ǹténà jẹ́ 38 mm ní fífẹ̀. Ẹ jẹ́ kí pákó fẹ̀ díẹ̀ jù ú lọ lápá méjèèjì, kó gùn ju 190 lọ díẹ̀ kó lè gba ẹsẹ̀ bàtà 40 kan tàbí 20 méjì. Bí ẹ bá lè rí àṣẹ gbà láti wọ ọgbà rélùwéè, ẹ mú téèpù lọ kí ẹ wọn wágọ̀nù gidi, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi 64 pín in. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí wágọ̀nù tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń gé irin tà kò ní ẹni tó tún máa wọ̀n ọ́n mọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń da bógì padà, ẹ má fún nọ́ọ̀tì méjèèjì le bákan náà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan lè mì sọ́tùn-ún sósì, kí èkejì má lè ṣe ju kó yí lọ. Bí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í ṣeé mì lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, bẹ́ẹ̀ ni wágọ̀nù yìí ṣe máa jókòó sórí irin. Bí méjèèjì bá le, táyà kan á máa wà lófuurufú. Bí méjèèjì bá sì ń mì, kọ̀ǹténà á máa jó.

Ìwúwo náà ṣe pàtàkì. Ẹgbẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ NMRA ní òfin fún HO: 28 gíráàmù, kí a sì fi 14 kún un fún ínṣì kọ̀ọ̀kan tí wágọ̀nù gùn. Ó bá tiwa náà mu. Wágọ̀nù 190 mm jẹ́ ínṣì méje àti ààbọ̀, ìwúwo rẹ̀ á jẹ́ bí 133 gíráàmù. Wáṣà irin tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ àwọn onípààtì mọ́tò ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ abẹ́ pákó. Olówó pọ́ọ́kú ni. Fún ìkọ́, Kadee ti HO, nọ́ńbà 5, ti tó. Ẹ má sì fi í rìn lórí ojú irin tó ká jù. Ìyíká kìíní Hornby jẹ́ 371 mm láti àárín, ìkejì 438. Wágọ̀nù wa gùn jù fún wọn. 600 mm sókè ló dára.

Kọ̀ǹténà fúnra rẹ̀ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rà láti òkè òkun. Àwọn tó ń tẹ̀wé ní Agbowó níhìn-ín, ní iwájú Yunifásítì, lè tẹ̀ ẹ́ sórí páálí A4 tó nípọn. 95 gígùn, 38 fífẹ̀, 40.5 gíga, páálí kan, kọ̀ǹténà kan. Àwọn ọmọ tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àwòṣe ilé mọ bí wọ́n ṣe ń gé e tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ po ju akọ̀wé yín lọ. Owó tó ń jáde lórí ìyẹn, àárín wa ló ń dúró sí.

Ẹni tí kò bá ní àyè fún tábìlì ńlá lè lo ìdá 1:120. Hornby gbé ti wọn jáde ní 2022, wọ́n ń pè é ní TT:120. Kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ bàtà 20 nínú rẹ̀ jẹ́ bí 50 mm. Bí a bá gbé wágọ̀nù 1:120 lé bógì N tó jẹ́ 9 mm, 9 lọ́nà 120 jẹ́ 1,080, ti Dùgbẹ̀ náà nìyẹn. Àwọn ará New Zealand ń ṣe èyí pẹ̀lú. Ó tẹ́ni lọ́rùn, àmọ́ ojú àgbà kì í fẹ́ràn rẹ̀.

Fún apá Mọ́níyà, ìyá wa kò ní ìṣòro. Wágọ̀nù 1:87 tí wọ́n ṣe fún ọjà Ṣáínà wà, wọn kò sì nílò àyípadà kankan. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé kí wọ́n má to rélùwéè méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, torí ọmọ á rí kọ̀ǹténà 95 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 70, á sì béèrè ìdí. Kí ti Mọ́níyà wà lẹ́yìn tábìlì, kí ó dà bí ohun tó jìnnà.

Wágọ̀nù pẹrẹsẹ mẹ́jẹ ti wà lójú irin báyìí. Ìkẹjọ ṣì ń dúró de bógì. Àwọn alápótí mẹ́rin náà kò ṣòfò. Wọ́n yọ ẹsẹ̀ wọn kúrò, wọ́n gbé wọn kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin bí àká ẹrù, ilé-ìwé náà sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ti fara mọ́ ọn pé láti oṣù tó ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ yá owó ra irú ọjà yìí gbọ́dọ̀ mú ìwé iye owó wá tí wọ́n kọ ìdá àti ìbú sí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú fọ́tò kan tí rúlà hàn nínú rẹ̀. Bí ìṣirò bá ṣòro fún ẹnikẹ́ni, kó mú un wá bá mi ní ọ́fíìsì kí ó tó sanwó.